Bí a ṣe ń fi idẹ àlòkù dà ṣaworo

Ẹni tó bá ti dúró ti ìyá ìlù dùndún rí mọ̀ pé ohùn méjì ló wà lára ìlù yẹn. Awọ ń sọ tirẹ̀, ṣaworo tí wọ́n so yí ẹ̀gbẹ́ awọ ká náà ń dá tirẹ̀ sọ. Ṣaworo kan náà là ń rí lọ́rùn ẹṣin, lẹ́sẹ̀ oníjó, àti lẹ́sẹ̀ ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ ń fura sí pé àbíkú ni. Ọ̀pọ̀ èyí tí mo ń rí lọ́jà báyìí, páànù tí wọ́n ká ni. Ó ń dún, ṣùgbọ́n bí agolo ló ṣe ń dún. Èyí tí a dà ní idẹ máa ń pẹ́ létí kó tó dákẹ́.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni ti ìda oyin. A ó fi ìda mọ ṣaworo bí a ṣe fẹ́ kó rí gan-an, a ó fi amọ̀ bò ó, a ó fi iná lé ìda jáde, idẹ yíyọ́ yóò sì wọlé gba àyè rẹ̀. Ọ̀nà yìí ni wọ́n gbà dà àwọn orí tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1938, òun náà sì ni àwọn ará Òpópónà Igun ní ìlú Bìní ṣì ń lò títí di òní. Tiwa kéré sí tiwọn púpọ̀. Mẹ́fà péré la ó dà lẹ́ẹ̀kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ.

Kí n sọ ọ̀rọ̀ kan kí a tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń wòran máa ń rò pé iná ni iṣẹ́ náà. Ọjọ́ tí a bá fẹ́ da idẹ nìkan ni wọ́n ń wá dúró. Wákàtí díẹ̀ ni ti iná. Amọ̀ ló ń gba ọ̀sẹ̀ kan ààbọ̀. Gbogbo ṣaworo mi tó bàjẹ́ rí, ìdí amọ̀ ni mo ti bà á jẹ́, iná kàn tú mi fó ni.

Idẹ wo la ó lò?

Bàbà tí wọ́n pò mọ́ síǹkì ni idẹ. Èyí tó ní bàbà ìdá àádọ́rin àti síǹkì ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún máa ń yọ́ tán ní nǹkan bíi dígírì 950 ti Celsius. Bàbà lásán ní tirẹ̀ ń fẹ́ dígírì 1085 kó tó yọ́, bó bá sì yọ́ tán, kì í ṣàn dáadáa, ó máa ń mu afẹ́fẹ́ sínú. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹnu fi ń ya àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí sí ojú Ọbalùfọ̀n tó wà ní Ifẹ̀, nítorí bàbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àdàlù kankan ni wọ́n fi dà á. Ẹ má ṣe fi ti ìyẹn bẹ̀rẹ̀.

Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ra irin àlòkù. Orí ẹ̀rọ omi àtijọ́, àgádágodo idẹ, kọ́kọ́rọ́, ìdè páìpù, ọwọ́ ilẹ̀kùn, gbogbo wọn dára. Ẹ mú òòfà dání. Ohun tí òòfà bá gbé, irin ni, wọ́n kàn fi omi idẹ pa á lójú ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi fáìlì ha á lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bó bá pọ́n ròrò dé inú, idẹ ni. Bó bá funfun tàbí tó rí bí eérú, síǹkì yẹpẹrẹ tí wọ́n ń fi ṣe ẹ̀rọ omi olówó pọ́ọ́kú ni. Ẹ dá a padà fún onítọ̀hún, bó tilẹ̀ ń búra.

Ojú rédíétọ̀ ọkọ̀ máa ń wọ ènìyàn nítorí pé idẹ rẹ̀ pọ̀, àmọ́ òjé ni wọ́n fi jó o pọ̀. Ẹ fi sílẹ̀. Òjé díẹ̀ wà nínú idẹ orí ẹ̀rọ omi pàápàá, nítorí òun ló ń jẹ́ kí ó rọrùn láti gbẹ́. Lára ìlù, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ ọwọ́ ni ṣaworo náà ń lọ, ẹ má lò ó, torí kò sí ohun tó wà lẹ́sẹ̀ ọmọ tí kò ní dé ẹnu rẹ̀. Ẹ wá awo idẹ tuntun, irú èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń gbẹ́ orúkọ sára pátákó.

Àwọn ará wa tó wà ní Amẹ́ríkà máa ń bi mí nípa kòròfo ọta ìbọn, nítorí pé ó máa ń pọ̀ nílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fi ìbọn ṣeré ìdárayá. Òótọ́ ni pé idẹ gidi ni, ìdá àádọ́rin sí ọgbọ̀n tí mo sọ yẹn ni. Kòròfo .22, ìyẹn ti ọta ìbọn kékeré, kò wúwo tó gíráàmù kan, nítorí náà ẹ óò ṣà á títí. Ohun méjì ni kí ẹ mọ̀. Àkọ́kọ́, ìdọ̀tí òjé máa ń kù nínú rẹ̀ láti ara ohun tó ń ṣáná sí ẹ̀tù, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́. Èkejì, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ní ẹ̀kúnwọ́. Èyí tí kò tíì yìn nínú wọn yóò yìn nínú iná yín. Fún àwa tó wà nílé, ẹ jẹ́ ká fi ohun tó jẹ mọ́ ọta sílẹ̀ fún àwọn tó ní ìwé àṣẹ. Kátíríìjì àwọn ọlọ́dẹ kò tilẹ̀ wúlò, ìdí rẹ̀ tó pọ́n yẹn, irin ni lọ́pọ̀ ìgbà, òòfà á sọ fún yín.

Ohunkóhun tó bá dé pa lọ́tùn-ún lósì, tí afẹ́fẹ́ tàbí omi lè há sí inú rẹ̀, ẹ fi ayùn irin là á kó tó wọ iná. Àgádágodo wà lára wọn.

Ìda

Ìda oyin la fẹ́, kì í ṣe àbẹ́là. Àbẹ́là máa ń fọ́ tí a bá tẹ̀ ẹ́. Ìda máa ń gbọ́ràn. Àwọn tó ń fún oyin ní Òkè-Ògùn máa ń dà á nù tàbí kí wọ́n tà á lówó kékeré. Ẹ gbé ìkòkò kékeré sínú ìkòkò omi gbígbóná kí ẹ yọ́ ọ níbẹ̀, ẹ má gbé e ka iná lásán, ó lè gbiná bí epo. Dígírì mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló ti ń yọ́, kò nílò ju omi gbígbóná lọ. Ẹ fi aṣọ àtijọ́ sẹ́ ẹ, kí òkú oyin àti pàǹtí lè jáde. Èérún kan ṣoṣo nínú ìda yóò di ihò lára idẹ.

Kókó amọ̀

Ṣaworo ṣófo nínú, wóró kékeré sì wà níbẹ̀ tó ń lù ú. Báwo ni wóró ṣe dé inú ohun tí ẹnu rẹ̀ kò tó ohun tí wóró lè gbà wọlé? Ìbéèrè tí gbogbo ọmọdé ń béèrè nìyí. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ṣaworo ni a dà yí wóró ká.

Ẹ lọ bá àwọn amọ̀kòkò fún amọ̀. Ẹni tó bá wà ní Ìlọrin kò ní rìn jìnnà, àwọn amọ̀kòkò Dàda wà níbẹ̀. Ẹ sá a kó gbẹ, ẹ gún un, ẹ fi asẹ́ dáadáa jọ̀ ọ́. Ẹ gún èédú náà kó kúnná bí àtíkè. Ẹ po amọ̀ ìwọ̀n méjì mọ́ èédú ìwọ̀n kan, kí ẹ wá fi ìgbẹ́ ẹṣin tàbí ti màlúù gbígbẹ tí ẹ ti gún sí i, ìwọ̀n kan. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Koríko kéékèèké inú ìgbẹ́ yẹn ni yóò jóná tí yóò fi ihò tínrín sílẹ̀, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ń gbà sá jáde nígbà tí idẹ bá ń wọlé. Mo ti rí ẹni tó fi eérú páálí rọ́pò rẹ̀ nítorí òórùn. Ìgbẹ́ ẹṣin ni mo dúró lé.

Fún wóró, ẹ gé ìṣó sí ìwọ̀n tó ga tó sẹ̀ǹtímítà ààbọ̀, tàbí kí ẹ lo ọmọ bọ́ọ̀lù bẹ́rìn kẹ̀kẹ́. Irin kò ní yọ́ nínú ooru idẹ. Ẹ fi amọ̀ tí a pò yìí bo wóró yíká, kí ẹ yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ títí yóò fi rí roboto, tí ìbú rẹ̀ yóò sì tó sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀. Wóró gbọ́dọ̀ wà ní àárín gbùngbùn. Bó bá yọrí síta níbì kan, idẹ yóò lẹ̀ mọ́ ọn, ṣaworo yín yóò sì ya odi.

Ẹ ṣe mẹ́fà, kí ẹ ṣe méjì lé e nítorí èyí tí yóò là. Ẹ tẹ́ wọn sí ibi òjìji fún ọjọ́ mẹ́ta. Oòrùn ọjọ́ kìíní ló ń là wọ́n.

Fífi ìda bò ó

Ẹ gbé ìda rírọ̀ sórí pátákó tí ẹ ti fi omi pa, ẹ fi ìgò tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ kó nípọn tó mìlímítà méjì. Bí ìgò bá ń fa ìda, ẹ fi omi pa òun náà. Ẹ gé e sí ọ̀nà méjì, ẹ fi bo kókó amọ̀, ẹ fi ìka tó gbóná díẹ̀ dí ojú ibi tí wọ́n ti pàdé. Bó bá tínrín ju mìlímítà kan ààbọ̀ lọ, idẹ yóò dì kó tó yí ká. Bó bá sì nípọn ju mẹ́ta lọ, ohùn ṣaworo yóò wúwo bí ti ẹni tí òtútù mú.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀bẹ tó mú la ẹnu ṣaworo sí ìsàlẹ̀: ìlà kan tó gùn tó ìdajì àyíká rẹ̀, tí ìbú rẹ̀ tó mìlímítà mẹ́ta, kí ẹ ré ìda ibẹ̀ kúrò títí tí amọ̀ inú yóò fi hàn. Ẹ fi ihò roboto sí ìpẹ̀kun ìlà náà lọ́tùn-ún lósì. Ẹnu yìí ní iṣẹ́ méjì. Ohùn yóò gba ibẹ̀ jáde, ìyẹn ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni amọ̀ inú yóò ti di amọ̀ òde mú, kí kókó má baà ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí ìda bá ti yọ́ lọ tí kò sí ohun tó gbé e ró mọ́. Bí mo bá ń ṣe ṣaworo tó tóbi, mo máa ń gún ìṣó tín-ín-rín méjì gba inú ìda wọ kókó, kí orí wọn yọ síta. Fún kékeré yìí, ẹnu nìkan tó.

Ẹ yí okùn ìda tín-ín-rín lórí pátákó, ẹ ká a ní òrùka, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí bí etí tí a ó fi so ó. Ẹni tó bá fẹ́ ọnà lára rẹ̀, okùn ìda kan náà ni kó fi lọ́ ọ yíká. Mo fẹ́ràn ìlà méjì péré. Ọnà púpọ̀ lára ohun tó kéré báyìí máa ń dà bí ègbo.

Ẹ wá to mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mọ́ igi ìda kan tó nípọn bí ìka ìlábẹ̀, bí ọsàn lára ẹ̀ka. Orí igi yìí ni ẹ óò fi ìda ṣe ẹnu gbòòrò sí, bí ti àrọ tí a fi ń bu epo sí ìgò. Láti ìsàlẹ̀ ṣaworo kọ̀ọ̀kan, ẹ fa okùn ìda tín-ín-rín kan gòkè lọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu àrọ. Ihò èémí nìyẹn. Bí afẹ́fẹ́ kò bá ríbi jáde, idẹ kò ní ríbi wọlé.

Ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n kó tó di pé amọ̀ kàn án, kí ẹ sì yọ ìwọ̀n kókó amọ̀ tí ẹ ti wọ̀n tẹ́lẹ̀ kúrò. Ìda tó kù, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́sàn-án, torí bí idẹ ṣe wúwo ju ìda lọ nìyẹn. Ṣaworo kan máa ń jẹ ìda gíráàmù márùn-ún. Mẹ́fà àti igi wọn á jẹ nǹkan bíi gíráàmù 45. Ìyẹn jẹ́ gíráàmù 405 idẹ. Ẹ fi ọgọ́rùn-ún lé e nítorí ìdàrọ́, ìyẹn ìdọ̀tí tó ń léfòó lórí idẹ yíyọ́, àti èyí tó máa ṣẹ́ kù sẹ́nu ìkòkò. Ẹni tí idẹ rẹ̀ tán lójú iṣẹ́ kò lè dá a dúró kó lọ ra sí i.

Amọ̀ òde

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Ìpele àkọ́kọ́ ló máa ń ya ojú ṣaworo. Ohun tó bá rí lára amọ̀ náà ni yóò rí lára idẹ, títí kan ìlà ìka yín. Ẹ po amọ̀ tó kúnná jù lọ mọ́ èédú tó kúnná ní ìwọ̀n kan sí kan, kí ẹ fi omi sí i títí yóò fi ṣàn bí ẹ̀kọ mímu. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ kùn ún, kí ẹ máa fẹ́ ẹnu sí i kí ìhó má baà há sí igun. Ẹ jẹ́ kó gbẹ nínú ilé. Ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ ki amọ̀ bọ ẹnu ṣaworo kọ̀ọ̀kan kó lè di kókó inú mú ṣinṣin.

Lẹ́yìn ìpele mẹ́ta yìí, ẹ wá lo amọ̀ tó ní ìgbẹ́ ẹṣin púpọ̀, tó ki bí iyán, kí ẹ bò ó títí yóò fi nípọn tó sẹ̀ǹtímítà méjì. Mo máa ń fi wáyà tín-ín-rín di í láàárín, kí n tún fi amọ̀ bo wáyà náà. Ẹnu àrọ àti ẹnu ihò èémí kò gbọ́dọ̀ dí.

Ọjọ́ mẹ́rin ní òjìji, ọjọ́ méjì nínú oòrùn. Nígbà òjò, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, tàbí kí ẹ dúró de ọyẹ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ń sú ènìyàn. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, ìlù ni wọ́n fẹ́ lò ní ọjọ́ ìgbéyàwó, mo sì gbé mọ́ọ̀dù, ìyẹn amọ̀ tó bo ìda yìí, tó gbẹ lójú ṣùgbọ́n tó tutù nínú wọ iná. Bó ṣe là, bí ẹni yìnbọn ni. Ẹyin iná kan ṣì ṣe àmì sí mi lọ́rùn ọwọ́. Páànù tí wọ́n ká ni wọ́n so mọ́ ìlù náà lọ síbi ìgbéyàwó.

Ààrò àti ohun ìdáàbòbò

Ẹ gbé rímù ọkọ̀ àtijọ́ kan, ẹ fi amọ̀ tẹ́ inú rẹ̀ nípọn, ẹ fi páìpù irin gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ wọlé fún afẹ́fẹ́. Ẹwìrì awọ ṣì wà fún ẹni tó lọ́mọ ẹ̀kọ́ tí yóò máa fín in. Fáànù tí a ń fi táyà kẹ̀kẹ́ yí, irú èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń lò, ló rọrùn fún mi. Èédú ni iná rẹ̀, èédú igi líle.

Ìkòkò tí a ó fi yọ́ idẹ, bí ẹ bá lè ra ti gíráfáìtì, ẹ rà á. Bí kò bá sí, wẹ́dà lè fi irin nípọn dí ìdí páìpù irin dúdú kan fún yín. Kì í ṣe páìpù omi funfun. Síǹkì ni wọ́n fi bò ó lára, yóò sì fi èéfín kún èéfín.

Ọ̀rọ̀ èéfín náà rèé. Síǹkì máa ń hó ní dígírì 907, idẹ wa kò sì tíì yọ́ tán nígbà yẹn. Nítorí náà, èéfín funfun kò lè ṣe kó má jáde. Ẹni tó bá fà á símú lè máa gbọ̀n lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ara rẹ̀ á gbóná bíi ti ibà, ẹnu rẹ̀ á sì máa ta bí ẹni tó lá irin. Ó máa ń lọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, àmọ́ ẹni tó bá ń mí gúlegúle, ilé ìwòsàn ni kó lọ. Àwọn àgbà ní ká mu mílíìkì. Ọ̀fun ni mílíìkì ń gbà, kì í gba ibi tí èéfín gbà. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ dúró síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, kí ẹ sì lo ìbomú tó ní fíltà fún èéfín irin.

Bàtà awọ tó bo ọrùn ẹsẹ̀, kí ṣòkòtò bò ó lórí, kì í ṣe kí ó wọ inú rẹ̀. Aṣọ òwú, má ṣe wọ ọ̀rá tàbí aṣọ dídán tí yóò yọ́ mọ́ ènìyàn lára. Ìbọ̀wọ́ awọ gígùn, gíláàsì tó bo gbogbo ojú. Orí iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ ni ẹ ti ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe orí kọnkéré, torí bí idẹ yíyọ́ bá kán sí kọnkéré, omi inú kọnkéré yóò di ooru lójijì, yóò sì tú u ká. Ẹ gbé garawa omi jìnnà. Iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ ni kí ẹ fi pa iná bó bá ṣẹlẹ̀. Kí àwọn ọmọdé máa wòran láti ojú fèrèsé.

Lílé ìda jáde

Ẹ dojú mọ́ọ̀dù dé sórí iná èédú tó rọlẹ̀, kí ẹnu àrọ kọjú sílẹ̀ sínú abọ́ irin. Ìda yóò máa kán. Ẹ gbà á, ẹ óò tún lò ó. Nígbà tí kò bá kán mọ́, ẹ mú abọ́ kúrò, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi èédú kún un díẹ̀díẹ̀. Wákàtí kìíní, kí ooru má ju ti ohun tí a fi ń yan àgbàdo lọ. Wákàtí kejì, ẹ fín in. Èyí tó kù nínú ìda yóò gbiná, ẹnu mọ́ọ̀dù yóò dúdú, lẹ́yìn náà yóò mọ́. Nígbà tí inú àrọ bá ti pọ́n bí ẹyin iná tí kò sí dúdú kankan níbẹ̀ mọ́, ìda ti jóná tán.

Ẹ̀rí kan wà tí mo máa ń wò kí n tó fín iná rárá: ẹ fi ẹ̀mú gbé ṣíbí irin tútù kọjá lókè ẹnu mọ́ọ̀dù. Bí ojú ṣíbí bá ṣú bí dígí tí a mí sí, omi ṣì wà nínú amọ̀. Ẹ má yára.

Dídà

Ẹ jẹ́ kí mọ́ọ̀dù wà nínú ooru tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ gbé ìkòkò idẹ sínú ààrò. Ẹ ti kọ́kọ́ gbóná ìkòkò lófìfo. Ẹ gé idẹ wẹ́wẹ́, ẹ gbóná èyí tí ẹ ó fi kún un ní etí ààrò, kí ẹ má ju idẹ tútù sínú èyí tó ti yọ́, nítorí omi tí ojú kò rí lè wà lára rẹ̀. Ẹ fi èédú gígún àti ẹ̀kúnwọ́ ìgò fífọ́ tí a ti gún bò ó lórí. Ìgò yóò yọ́, yóò bo idẹ bí ìdérí, síǹkì kò sì ní máa fò lọ jù.

Ẹ fín in kíkan. Idẹ tí ẹ fi pẹ́ lórí iná, síǹkì rẹ̀ ti ń dínkù, ó sì ń le sí i láti ṣàn. Bó bá yọ́ tán, tó pọ́n bí ọsàn tó ti gbó, tí èéfín funfun bẹ̀rẹ̀ sí í jáde létí rẹ̀, ó ti tó.

Ẹni méjì là ń ṣe é. Ọ̀kan fi ẹ̀mú gbé mọ́ọ̀dù jáde, ó rì í mọ́ inú ihò iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ, ẹnu kọjú sókè, ó fi nǹkan bo ẹnu rẹ̀ títí èkejì yóò fi dé, kí iyẹ̀pẹ̀ má baà wọlé. Èkejì gbé ìkòkò, ó fi irin gbígbóná ti ìdàrọ́ sẹ́yìn. Ẹ ṣí ẹnu mọ́ọ̀dù. Ẹ wá dà á ní ìdàkan, láìdáwọ́ dúró, láìfi sáré, títí idẹ yóò fi yọjú ní ihò èémí. Ẹ kún àrọ dé etí, torí bí idẹ ṣe ń tutù ló ń súnkì, inú àrọ ni yóò ti máa fa èyí tí yóò fi dí ara rẹ̀.

Kò tó ìṣẹ́jú kan. Èyí tó kù nínú ìkòkò, ẹ dà á sínú ihò tí ẹ fi ìka gbẹ́ nínú iyẹ̀pẹ̀, ẹ óò tún yọ́ ọ.

Ṣíṣí i

Ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan. Ẹ fi òòlù kékeré fọ́ amọ̀, láti ẹ̀gbẹ́ wá sáàárín. Ohun tó máa jáde kò ní rẹwà: dúdú, pẹ̀lú igi àti okùn èémí bí gbòǹgbò. Ẹ fi ayùn irin gé wọn kúrò. Ẹ rẹ ṣaworo sínú omi mọ́jú, kí ẹ wá fi wáyà tó tẹ̀ lórí máa ṣán amọ̀ inú jáde gba ẹnu rẹ̀. Ó máa ń jáde díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń yọ ìdọ̀tí etí. Lójijì ni ẹ óò gbọ́ tí wóró yóò jábọ́, tí yóò lu ògiri. Fún èmi o, gbogbo ọjọ́ mẹ́wàá yẹn, nítorí ìró kan yìí ni.

Fáìlì, lẹ́yìn náà sáńpépà, lẹ́yìn náà eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ pẹ̀lú èèpo àgbọn. Ọ̀ṣun Afidẹrẹmọ ló nidẹ, àwọn olùsìn rẹ̀ kì í sì í fẹ́ kó ṣú. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fọ tiwọn, ohun tí mo sọ yìí ni wọn ó sọ.

Bí ara rẹ̀ bá ní ihò wẹ́wẹ́, amọ̀ kò gbẹ tán. Bí idẹ kò bá dé ìsàlẹ̀, mọ́ọ̀dù ti tutù jù tàbí ihò èémí dí. Bí ìyẹ́ tín-ín-rín bá yọ lára rẹ̀, mọ́ọ̀dù ti là nínú iná. Fáìlì lè wò ó sàn. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá nípọn tí èkejì sì lu, kókó ló ṣubú, kò sí àtúnṣe.

Nínú mẹ́fà àkọ́kọ́ tí mo dà, méjì ló dún. Mo gún mẹ́rin tó kù padà sínú ìkòkò, wọ́n sì wà lára àwọn tó ń dún lórí ìlù kan báyìí.